Ámúpù gìtá kò tàn: ẹ tọ̀ ọ́ láti ara ògiri wọnú

Ọjọ́ Sátidé ni ámúpù sábà máa ń kú n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ o, àmọ́ ọjọ́ náà la máa ń gbé e jáde. A ó dì í sẹ́yìn ọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Chállẹ́ńjì, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, a ó sì wá kì í bọ jẹnẹrétọ̀ tí a ò mọ̀ rí, nígbà tí àwọn àlejò ti ń jókòó. Bí kò bá wá tàn, síkúrú-díráífà ni ọ̀pọ̀ onígìtá máa ń sáré wá. Ẹ fi síkúrú-díráífà sílẹ̀ ná. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọ ámúpù: láti ògiri bọ́ sí púlọ́ọ̀gì, láti púlọ́ọ̀gì gba inú wáyà, kó kọjá fíúsì, kó kọjá súwíìṣì, kó tó kan tiráńsífọ́mà, irin wíwúwo inú àpótí tó ń yí iná ògiri sí ìwọ̀n tí ámúpù ń lò. Bí ẹ bá tọ ọ̀nà yìí láìfo ibì kankan, ẹ ó bá ibi tó ti já. Apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà ló sì wà níta àpótí, níbi tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rédíò rí ti lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ṣé kò tàn ni, àbí kò sọ̀rọ̀?

Ámúpù tí iná ojú rẹ̀ ń tàn ṣùgbọ́n tí ohùn kò jáde kọ́ là ń bá wí níbí. Wáyà gìtá, sípíkà tàbí bọ́ọ̀dù inú ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò fún ìyẹn. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, iná pupa kékeré tó wà níwájú lè kú kí ámúpù fúnra rẹ̀ ṣì yè. Torí náà, kí ẹ tó kéde òkú, ẹ ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́, ẹ ṣí fólúùmù díẹ̀, ẹ tan súwíìṣì, kí ẹ sún etí mọ́ sípíkà. Bí ó bá dún "pọ́" tàbí tó ń hùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iná ń wọlé, gílóòbù ojú rẹ̀ nìkan ló kú.

Àwọn ámúpù kéékèèké ìgbàlódé kan tún wà tó máa ń pa ara wọn bí a kò bá tẹ gìtá fún ìgbà pípẹ́. Ẹ pa súwíìṣì, ẹ ka ẹní dé ẹẹ́wàá, ẹ tún un tàn. Àwọn oníbátìrì kan sì wà tí kì í tàn rárá àfi bí wáyà gìtá bá ti wọ ihò rẹ̀, torí ihò yẹn gan-an ni súwíìṣì wọn. Mo ti rí ẹni tó gbé irú èyí lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, tó sì sanwó.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀ kò pọ̀: mítà kékeré tó lè ka iná àti óòmù (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), tọ́ọ̀ṣì, síkúrú-díráífà, wáyà iná kan tó dájú pé ó dára, àti fóònù láti fi ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ tú kí ẹ tó tú u.

Ògiri ni ìbẹ̀rẹ̀

Iná ta là ń lò lọ́wọ́ báyìí, ti NEPA, ti jẹnẹrétọ̀, àbí ti ínfátà? Ẹ má ṣe fi ṣájà fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò. Bí ẹ bá ka ara ṣájà yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá 100–240V níbẹ̀, ìyẹn ni pé bí iná ilé bá lọ sílẹ̀ dé 130V, fóònù á ṣì máa gbaná bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ámúpù oní-tiráńsífọ́mà kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ yí i sí iná AC (irú iná tó wà lára ògiri), sí ibi tó ga jù, ẹ ki ẹnu rẹ̀ méjèèjì bọ ihò láíìfù (tí iná ń gbà wọlé) àti níútùrà (tó ń gbà padà), ìyẹn ihò méjì ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín 220V sí 240V. Bí ó bá wà ní 150V, ámúpù lè máà tàn, tàbí kó tàn kó tún kú, kò sì sí ohun tó ṣe ámúpù náà. Bí ó bá ju 260V lọ, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́.

Ẹni tí kò ní mítà lè lo gílóòbù àtijọ́, irú èyí tó ní okùn tín-ín-rín nínú tó sì máa ń gbóná. Iná tó kéré á mú un pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iná tó pọ̀ jù á mú un funfun báláú. Àmì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ní àdúgbò yín: bí gílóòbù yàrá kan bá ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ti yàrá kejì ń ṣú, tàbí tí ó ń yí padà bí ẹ ṣe ń tan nǹkan mìíràn, ó ṣeé ṣe kí wáyà níútùrà ti já lójú òpó. Nígbà náà, ohun tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yín lè gòkè sún mọ́ 400V. Ẹ pa méènì, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ, ẹ pe oníná. Ọ̀pọ̀ ámúpù tí wọ́n ń pè ní "ó ṣàdédé kú" ló jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ẹnì kan lọ yí fáàsì nídìí mítà NEPA láìsọ fún ará ilé, ló kú.

Ẹni tó ń lo sítábíláísà, ẹ ní sùúrù. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í jẹ́ kí iná kọjá lójú ẹsẹ̀ tí a bá tàn wọ́n, torí fíríìjì ni wọ́n ṣe é fún. Ìṣẹ́jú mélòó kan lè kọjá kí iná tó dé ibi ámúpù. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá gílóòbù tí wọ́n kọ "delay" sí ló ṣì ń tàn.

Ẹ yọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kúrò pátápátá, kí ẹ ki ámúpù bọ ògiri tààrà. Mi ò gba ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì gbọ́ rárá. Iná pupa rẹ̀ á máa tàn, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, kò di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú mọ́. Bí ẹ bá rí ibi tó ti dúdú tàbí tí ike ti yọ́ lójú ihò rẹ̀, ìtàn yín ti parí síbẹ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", ẹ jẹ́ kí ìró rẹ̀ rọlẹ̀ kí ẹ tó so ámúpù mọ́ ọn, ẹ sì yọ ọ́ kí epó tó tán. Bí epó bá ń tán lọ, ẹ́ńjìnnì á máa sáré, á máa fà, iná rẹ̀ á sì máa fò sókè fò sílẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an ni nǹkan máa ń jó.

Wáyà iná

Ọ̀pọ̀ ámúpù ló ń lo irú wáyà kan náà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń lò, onítẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta. Èyí rọrùn: ẹ yọ ti kọ̀ǹpútà tàbí ti mọ́nítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sí ámúpù. Bí ó bá tàn, ẹ ti rí i. Ẹ tì í wọlé dáadáa o, torí ihò ẹ̀yìn ámúpù mìíràn le, wáyà á dà bí èyí tó wọlé kó má tíì wọlé tán.

Bí wáyà bá ti wà lára ámúpù láti ilé-iṣẹ́, ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí. Ibi méjì ló máa ń já sí: ìdí púlọ́ọ̀gì àti ibi tó ti wọ àpótí, torí ibẹ̀ la máa ń ká a sí. Eku náà máa ń jẹ ẹ́ bí ẹ bá gbé ámúpù sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ ṣí púlọ́ọ̀gì. Wáyà buráwùn ló gbọ́dọ̀ wà lára ẹsẹ̀ tó ní fíúsì, búlúù lára ìkejì, aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò lára ẹsẹ̀ gígùn òkè. Ẹ fún síkúrúù rẹ̀ le. Ibi tí wáyà ti tú kúrò nínú púlọ́ọ̀gì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ wáyà aláwọ̀ ewé yẹn ń dùn mí. Àwọn onígìtá kan máa ń gé e tàbí kí wọ́n dá ẹsẹ̀ gígùn yẹn, kí ámúpù lè yé hùn. Hùhùn náà á dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí láíìfù bá kan irin àpótí nínú, okùn gìtá tó wà lọ́wọ́ yín ni iná á gbà, ẹnu yín á sì wà lára máìkì tó so mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti gé e lára ámúpù tí ẹ rà, ẹ so ó padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Fíúsì: ẹ ka ohun tó kọ sílẹ̀

Fíúsì máa ń wà ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ wà nínú púlọ́ọ̀gì ògiri ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí wọ́n kọ 3A sí tó fún ọ̀pọ̀ ámúpù gìtá; 13A ni ti áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù. Èkejì wà lẹ́yìn ámúpù. Ó lè jẹ́ ìdérí kékeré roboto tí a ń fi síkúrú-díráífà yí, ó sì lè jẹ́ àpótí tín-ín-rín tó fara pamọ́ sábẹ́ ihò wáyà iná gan-an. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Ẹ yọ wáyà, ẹ fi èékánná tàbí síkúrú-díráífà pẹlẹbẹ fa àpótí náà jáde. Nígbà mìíràn ẹ ó bá fíúsì méjì níbẹ̀, ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ àti ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe àpamọ́.

Ẹ má fojú lásán sọ pé fíúsì dára. Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ihò rẹ̀, ẹ yí mítà sí ibi tó máa ń han "píì", ẹ fi kan orí rẹ̀ méjèèjì. Bí kò bá dún, ó ti kú. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, torí bó ṣe kú ní ohun tó ń sọ. Bí okùn inú rẹ̀ bá já lójú kan ṣoṣo, tí dígí rẹ̀ ṣì mọ́ gaara, ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó tàbí iná tó fò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè fi tuntun sí i. Bí dígí rẹ̀ bá dúdú kirikiri, tàbí tó ń dán bíi jígí nínú, nǹkan kan ti ṣẹ́ẹ́tì nínú ámúpù, ìyẹn ni pé iná gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ó fa iná ńlá lójijì. Ẹ má fi fíúsì tuntun sí ìyẹn láìtíì dé ibi tí mo ti máa sọ̀rọ̀ gílóòbù nísàlẹ̀, torí òun náà á lọ ní kété tí ẹ bá tàn án.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ mú òkú rẹ̀ dání. Ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò ní Ògùnpa tàbí lágbègbè Dùgbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ó bá a mu. Gígùn rẹ̀ ni àkọ́kọ́, torí èyí tó jẹ́ mílímítà 20 àti èyí tó ju 30 lọ díẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ìkejì ni nọ́ńbà A tí wọ́n kọ sí irin orí rẹ̀. Ìkẹta ni lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà náà: T ni èyí tó máa ń ní sùúrù, F ni èyí tó máa ń já lójú ẹsẹ̀. Tiráńsífọ́mà máa ń fa iná púpọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá tí a tan súwíìṣì, torí náà T ni ọ̀pọ̀ ámúpù ń lò. Bí ẹ bá fi F sí i, ẹ ó máa ra fíúsì lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa bú ámúpù. Bí òǹtajà bá sọ pé "ẹ̀gbọ́n, ìkan náà ni wọ́n", ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ọmọ kan tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ wa béèrè lọ́wọ́ mi rí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò lè fi fọ́ìlì sìgá dì í, ká ṣáà tètè bẹ̀rẹ̀?" Rárá o. Fọ́ìlì kì í já. Ohun tó máa wá já dípò rẹ̀ ni tiráńsífọ́mà, òun sì ló wọ́n jù nínú àpótí náà. Ẹ má sì fi 10A rọ́pò 2A.

Ẹ wọn ámúpù láti ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì

Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo ìyókù lọ, torí ó máa ń sọ púpọ̀ láìjẹ́ pé a ṣí síkúrúù kan. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ẹ tan súwíìṣì ámúpù bí ẹni tó fẹ́ lò ó. Ẹ yí mítà sí óòmù, sí 200 tàbí 2000, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ẹsẹ̀ méjì kúkurú púlọ́ọ̀gì, láíìfù àti níútùrà.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà kan, ká ní láàárín óòmù 5 sí nǹkan bíi 100, ìròyìn ayọ̀ ni: wáyà wà, fíúsì wà, súwíìṣì wà, okùn àkọ́kọ́ tiráńsífọ́mà, èyí tó ń gba iná ògiri, náà kò já. Ámúpù ńlá ló máa ń ní nọ́ńbà kékeré, ámúpù kékeré ló máa ń ní ńlá. Ẹ pa súwíìṣì, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ pòórá. Bí mítà bá kọ OL, tàbí 1 ní apá òsì nìkan, nígbà tí súwíìṣì wà ní títàn, ibì kan ti já láàárín púlọ́ọ̀gì àti tiráńsífọ́mà, bí fíúsì àti wáyà bá sì ti yege, ó ku súwíìṣì tàbí tiráńsífọ́mà. Bí ẹ bá rí òdo gbáko, nǹkan ti ṣẹ́ẹ́tì, ẹ má ki i bọ iná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ẹnu mítà kan sí ẹsẹ̀ gígùn, ìkejì sí ẹsẹ̀ kúkurú kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ OL. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà kékeré níbẹ̀, iná ń kan irin àpótí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ láìdúró.

Ìdánwò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ámúpù fúyẹ́fúyẹ́ tuntun tí kò ní tiráńsífọ́mà ńlá, tí pawá inú rẹ̀ dà bíi ti ṣájà lápútọ́ọ̀pù. Mítà lè kọ OL lórí èyí kó sì jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Èyí tó ti Amẹ́ríkà dé

Ẹ wo ẹ̀yìn ámúpù tókúnbọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá kọ 120V, 60Hz síbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni, ògiri wa kọ́ ló wà fún. Bí wọ́n bá ti ki i bọ 230V lẹ́ẹ̀kan, fíúsì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, bí Ọlọ́run bá sì yọ ọ́, kò sí ohun mìíràn tó kú. Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ó lè wà nítòsí ihò wáyà. Ẹ yí i sí 230 nígbà tí púlọ́ọ̀gì wà níta, kí ẹ sì pààrọ̀ fíúsì sí èyí tí wọ́n kọ fún 230V, tó sábà máa ń jẹ́ ìdajì ti 120V. Bí kò bá ní bọ́tìnnì, tiráńsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ sí 110V ni kí ẹ rà, kí wáàtì tirẹ̀ ju ti ámúpù lọ dáadáa. Ẹ kọ 120V gàdàgbà sórí àpótí náà pẹ̀lú máákà, torí ẹni tó máa yá a lọ́wọ́ yín.

Àwọn ámúpù oní-àdápítọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: iye V gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ mu, A tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí i, àwòrán tó fi ibi tí + àti – wà hàn gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ àdápítọ̀ 9V ti ẹ̀rọ gìtá ló ń gbé – sáàárín, nígbà tí ti rédíò àti ti ráútà máa ń gbé + síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrúù kan. Ámúpù tí a yọ kúrò lára iná ṣì lè ta yín. Kàpásítọ̀ ńláńlá inú rẹ̀, èyí tó dà bí agolo kékeré, máa ń tọ́jú iná pamọ́. Nínú ámúpù oní-tìráńsísítọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 30V sí 50V ní apá kọ̀ọ̀kan, èyí tó lè ta yín jìnnìjìnnì kó sì jó mítà yín. Nínú ámúpù onífáàfù, èyí tó ní àwọn gílóòbù dígí tó ń pọ́n lẹ́yìn, ó lè ju 400V lọ, ó sì lè pa èèyàn. Bí tiyín bá jẹ́ onífáàfù tí ẹ ò sì kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ẹ dúró síbi tí a dé yìí. Ẹ kàn rí i dájú pé kì í ṣe bọ́tìnnì "standby" ló ń tàn yín jẹ: bí fáàfù bá ń pọ́n tí ohùn kò sì jáde, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn sí apá kejì.

Fún èyí tó kù, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Súwíìṣì pípa nìkan kò tó, torí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa kan wà tí wọ́n so láíìfù àti níútùrà rẹ̀ ní ìdàkejì, tí súwíìṣì á wá máa gé níútùrà nígbà tí láíìfù ṣì wà nínú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ tú síkúrúù, ẹ má fa bọ́ọ̀dù jáde tipátipá, torí wáyà sípíkà so mọ́ ọn. Ẹ wá àwọn kàpásítọ̀ tó tóbi jù, sábà máa ń jẹ́ méjì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ yí mítà sí iná DC (irú ti bátìrì), kí ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ju 5V lọ, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń dènà iná) 1000 óòmù, oníwáàtì 5, kan ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ fi ohun tí kò gbé iná di í mú, ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń fi síkúrú-díráífà kàn án kó ta pàrà. Ó máa ń ba kàpásítọ̀ jẹ́, ó sì lè fọ́n irin gbígbóná sí ojú.

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú àti imú ṣiṣẹ́. Bí nǹkan bá jó, òórùn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ wá kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, rẹ̀sísítọ̀ tó dúdú, wáyà tó yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ látàrí kòtò títì. Ẹ wá aáyán. Ọmọńlé tó kú sáàárín láíìfù àti irin kì í ṣe ìtàn àlọ́ nílùú yìí. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ni lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin tí a yọ́ láti fi lẹ ẹ̀yà, tó di ihò wáyà iná àti súwíìṣì mú lórí bọ́ọ̀dù. Bí a ṣe ń ti wáyà wọlé tí a ń fà á jáde, lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ máa ń sán, ẹ ó rí òrùka dúdú tín-ín-rín yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Jíjó lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i á mú ámúpù náà jí.

Fún súwíìṣì, ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú óòmù. Bí a bá tàn án, ó yẹ kó sún mọ́ òdo; bí ó bá ń fò láti nọ́ńbà kan sí òmíràn bí ẹ ṣe ń mì ín, irin inú rẹ̀ ti jó. Súwíìṣì tuntun kò wọ́n, ẹ ṣáà rí i pé ó jẹ́ ti 250V, A rẹ̀ kò sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Bí súwíìṣì bá dára, ẹ wọn okùn àkọ́kọ́ tiráńsífọ́mà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. OL níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ra tiráńsífọ́mà. Ọ̀pọ̀ wọn ní fíúsì ooru kékeré tó fara pamọ́ sábẹ́ téèpù yẹ́lò, nítòsí ibi tí wáyà àkọ́kọ́ ti jáde. Oníṣẹ́ tó gbọ́n lè ṣí téèpù náà, kó wọn fíúsì ooru náà, kó sì fi òmíràn tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu rọ́pò rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lára, bíi 115°C tàbí 130°C. Kò gbọdọ̀ fi wáyà lásán sopọ̀, torí ohun tó ń dènà iná ilé ni. Kó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ohun tó mú tiráńsífọ́mà gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Gílóòbù tó ń sọ òótọ́

Bí fíúsì bá dúdú, ẹ ṣe ẹ̀rọ ìdánwò yìí. Ẹ ra hódà gílóòbù, púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ gé láíìfù láàárín, kí iná gba inú gílóòbù kọjá kó tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ámúpù máa wọ̀. Níútùrà àti wáyà aláwọ̀ ewé á kọjá tààrà. Ẹ di gbogbo ojú wáyà pa, kí irin kankan má wà níta. Gílóòbù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú àtijọ́ tó ń gbóná, 60W tàbí 100W. Oní-LED kò ní ṣiṣẹ́ níbí. Bí ẹ kò bá rí i lọ́dọ̀ oníná, ẹ béèrè níbi tí wọ́n ń ta ohun èlò adìyẹ, torí àwọn tó ń sin òròmọdìyẹ ṣì ń fi í mú ilé wọn gbóná.

Ẹ fi fíúsì tuntun sí ámúpù, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ ìdánwò náà, ẹ yọ ìka kúrò, ẹ tàn án. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ yòò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré tó sì wá ṣú, ámúpù náà kò ṣẹ́ẹ́tì. Ẹ lè so ó mọ́ ògiri. Bí ó bá mọ́lẹ̀ tí kò ṣú, ṣẹ́ẹ́tì wà nínú, gílóòbù náà ló sì gba fíúsì yín là. Ẹ yọ iná, ẹ dúró, ẹ tú ẹ̀yìn tiráńsífọ́mà, ìyẹn àwọn wáyà tó gba ibẹ̀ lọ sí bọ́ọ̀dù. Ẹ dì wọ́n kí wọ́n má kanra. Ẹ tún un tàn. Bí gílóòbù bá ṣì mọ́lẹ̀, tiráńsífọ́mà fúnra rẹ̀ ti jó. Bí ó bá ṣú, bọ́ọ̀dù ló ní àrùn, àwọn tí ẹ ó sì fura sí ni dáyóòdù mẹ́rin tó ń yí iná padà sí DC, àti àwọn tìráńsísítọ̀ tàbí áísì ńlá, ẹ̀yà dúdú tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, tí wọ́n fi síkúrúù dè mọ́ irin tó ń fa ooru. Bí ẹ bá yí mítà sí ibi àmì dáyóòdù, dáyóòdù tó dára máa ń fi nǹkan bíi 0.5 sí 0.7 hàn ní apá kan, kó sì jẹ́ OL ní apá kejì. Èyí tó fi òdo hàn ní apá méjèèjì ti kú. Bí tìráńsísítọ̀ ńlá bá kú, àwọn tó yí i ká kì í sábà wà láàyè. Nípa bẹ́ẹ̀ mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti pààrọ̀ ẹyọ kan kó sì tan án sí ògiri tààrà. Nípasẹ̀ gílóòbù yìí ni kí ó tún gbà.

Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́

Ẹ má kàn sọ pé "kò tàn". Ẹ sọ fún un ohun tí ẹ ti wọ̀n, irú iná tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, bóyá ó ta pàrà tàbí ó rùn, àti bí fíúsì ṣe rí. Ẹ mú fíúsì òkú náà lọ. Ẹ jọ sọ iye tí yíyẹ̀wò máa jẹ́ kí ó tó ṣí i, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kó gbogbo ẹ̀yà tó bá yọ fún yín. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí èyí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ gbé gìtá yín dání. Ẹ fa fíúsì jáde níwájú rẹ̀, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ámúpù mu. Ẹ wo ẹsẹ̀ gígùn púlọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa ta á ní fólúùmù tí ẹ máa ń lò lóde, kì í ṣe ti inú ìsọ̀, kí ẹ sì pa á, kí ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá tàn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sanwó rẹ̀.